Òrí Nínú Ihò Kọ́kọ́rọ́

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọyẹ́ ọdún yẹn kò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò sí ní Ọ̀yọ́ ni, tàbí kó jẹ́ pé abẹ́ kúbùsù ló wà. Ọyẹ́ gidi ni. Ètè ń là, gìgísẹ̀ ń là, igi ilẹ̀kùn pàápàá ń là. Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́rú fi máa mọ́, ó ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe fún Saifudeen ọmọ Àkànjí.

Saifudeen ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ni, ó ṣì jókòó lórí ẹní, ó ń fa tẹ̀súbáà, nígbà tí fóònù dún. Marufat, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò kí i. Èyí ló kọ́kọ́ já a láyà, nítorí Marufat kì í gbàgbé ìkíni, ìbáà jẹ́ ojú ìjà.

"Bọ̀dá mi, Bàbá ti lọ."

"Lọ síbo?"

Ẹ ò rí i bí ọkàn ọmọ èèyàn ṣe ń ṣe? Ó mọ ibi tí bàbá lọ. Gbogbo ara rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń bèèrè bí ẹni pé ọjà ni bàbá lọ.

"Wọ́n ti kú, Bọ̀dá. Kí wọ́n tó pe ìrun ni ẹ̀mí bọ́. Ààfáà ní aago mẹ́sàn-án ni àwọn máa kírun sí wọn lára, kí wọ́n sin wọ́n kí oòrùn tó mú. Ẹ máa bọ̀ kíá."

"Ínnà lílláhì." Ó dìde lórí ẹní. "Aṣọ wọn wà lọ́wọ́ mi. Líkáfánì wọn. Ẹ má fi nǹkan mìíràn wé wọn o, mò ń gbé e bọ̀."

"Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn, kì í ṣe..."

"Mo ní mò ń gbé e bọ̀!" Ó sì pa fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ aṣọ yìí kí ẹ tó ní orí rẹ̀ dàrú. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tó dé, ó pín tẹ̀súbáà, ó pín dàbínù, ó bu omi Sámúsámù sínú ike kéékèèké fún ará àdúgbò. Aṣọ funfun kan wà tí kò pín. Líkáfánì ni, aṣọ tí wọn yóò fi wé e lọ́jọ́ tó bá kú. Omi Sámúsámù ló fi fọ̀ ọ́, ilẹ̀ mímọ́ ló sá a sí, ó wá ká a sínú ọ̀rá. Ó pe Saifudeen, àkọ́bí rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ ni wàá fi wé mi. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Saifudeen fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń kó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn, aṣọ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ gbé.

Kò sì dá a padà nígbà tí ìjà dé láàárín òun àti bàbá. Àkànjí Alágádágodo ni wọ́n ń pe bàbá náà ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ogójì ọdún ló fi jókòó síbẹ̀ tó ń gé kọ́kọ́rọ́, tó ń tún ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe, tó ń ṣí àgádágodo fún ẹni tó ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Saifudeen ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ló wà títí ó fi bímọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, ó gé kọ́kọ́rọ́ oníbàárà kan, ó gé e jù. Bàbá gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

"Ọwọ́ wàràwàrà ni tìrẹ," ó ní. "Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́, ó sú mi. O ò ní mọ iṣẹ́ yìí láé."

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlógójì, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú ọmọ tó bí! Saifudeen fi irinṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò pa nǹkan kan mọ́. Ó kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Ọ̀yọ́, ìlú Mùjídàt ìyàwó rẹ̀, ó san ìyókù owó ọkọ̀ tòkunbọ̀ kékeré kan tó ti ń rà, ó ń fi í gbé èrò. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni kò fi tẹ Takie. Bí Iléyá bá dé, á fi ẹran ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í lọ.

Àfi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wí yìí, lẹ́yìn ìrun Àílà lọ́sàn-án, tí bàbá fúnra rẹ̀ pè é.

"Saifu. Ṣé líkáfánì mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, Bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà."

"Gbé e wá fún mi. Lónìí."

Kò bèèrè ọmọ, kò bèèrè iṣẹ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ta ni kì í wúkọ́ lásìkò yẹn? Ohun tí Saifudeen gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ gba aṣọ lọ́wọ́ òun. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ẹn-ẹ́n, Shamsudeen ni wọ́n fẹ́ gbé e fún. Shamsudeen ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó kù sídìí iṣẹ́ ní Takie, ọmọ dáadáa, ọmọ ọwọ́ ẹ̀sọ̀.

"Bàbá, èrò wà lọ́wọ́ mi lónìí. Ó di ọ̀la."

"Lónìí ni mo wí, Saifu."

"Ọ̀la ni mo lè wá, sà."

Bàbá tún wúkọ́. Saifudeen ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú fóònù.

"Ó dáa," bàbá ní. "Ọ̀la, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Irọ́ ni o. Kò sí èrò kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Iwájú ilé ló jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mùjídàt ní, "Bàbá Zulaikha, ẹ dákun, ẹ lọ lónìí. Àgbàlagbà kì í pe èèyàn pé gbé aṣọ òkú mi wá lásán." Saifudeen ní kó dákun kó jẹ́ kóun ráyè jẹ ẹ̀pà òun. Ó mú aṣọ náà nínú àpótí, ó jù ú sínú búùtù bí ẹni ju àpò èédú, ó pa á dé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí ilẹ̀ ṣáà ti mọ́, òun á lọ kó aṣọ wọn fún wọn, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìyẹn ni bí aṣọ ṣe dé inú búùtù. Ó wá ku ọ̀rọ̀ òrí.

Oṣù keje, nígbà òjò, ni àwọn ihò kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í le. Gbogbo ẹni tó bá jáde lọ́wọ́ Àkànjí ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i: pẹ́ńsù ni wọn yóò là, wọn yóò lọ dúdú inú rẹ̀ kúnná, wọn yóò fẹ́ ẹ sínú ihò náà. Kì í dì, kì í fa eruku. Bàbá a máa wí i fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ má fi òrí sí i o. Òjò ò ní sọ̀rọ̀, oòrùn ò ní sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí ọyẹ́ bá dé lẹ máa tó mọ̀." Saifudeen mọ gbólóhùn yẹn lórí. Bẹ́ẹ̀ pẹ́ńsù àwọn ọmọ rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí bàbá kọ́ ọ ni yóò tún máa lò, lẹ́yìn gbogbo ìyẹn? Ó ní kí bàbá máa jẹ pẹ́ńsù rẹ̀. Ó bu òrí nínú igbá tí Mùjídàt fi ń para fún àwọn ọmọ, ó kì í bọ gbogbo ihò kọ́kọ́rọ́, tiwájú, tẹ̀yìn, ti búùtù. Ọkọ̀ náà ń ṣí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó tilẹ̀ fi yangàn fún Mátíù alábàágbé wọn. Òrí yẹn sì jókòó síbẹ̀, ó ń gba eruku, ó ń dúró de ọyẹ́.

Agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ló jáde sínú òtútù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, wákàtí kan àti díẹ̀ ni. Ó ní àyè. Eruku bo ọkọ̀ náà títí tí èèyàn ò fi mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó wọlé dé ìdajì, ó dúró gbọn-in. Ó fà á yọ, ó tún un tì. Gbọn-in. Ó sáré yí lọ sí ti ẹ̀gbẹ́ kejì, bákan náà. Ó sáré lọ sí búùtù. Ìyẹn ò tilẹ̀ gba orí kọ́kọ́rọ́. Ohun funfun kan tó ti pọ́n rúsúrúsú ló dí ihò náà pa, ó le bí ìpàkọ́. Saifudeen wò ó, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Mátíù ń bọ̀ láti àdúrà àárọ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù yẹn bí ẹni pé kò dùn ún. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, ọ̀kadà ló ń gùn ṣiṣẹ́. Ó rí ojú Saifudeen, ó dúró.

"Kí ló dé?"

"Bàbá mi kú."

"Háà! Jésù! Ẹ kú àfẹ́kù, ẹ kú ìrọ́jú..." Ó wo ọkọ̀, ó wo kọ́kọ́rọ́. Kò gbà á ní àlàyé. "Ìgbà wo ni wọ́n máa sin wọ́n?"

"Aago mẹ́sàn-án."

"Kí lò ń dúró ṣe nígbà náà? Gun ẹ̀yìn ọ̀kadà mi. Màá gbé ọ dé gáréèjì Ọwọ́dé nísinsìnyí, ọkọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lo máa bọ́ sí. Aago mẹ́jọ, o ti wà níwájú wọn."

"Aṣọ wọn wà nínú búùtù."

"Fi aṣọ sílẹ̀, Saifu. Aṣọ funfun kún ọjà Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú bàbá rẹ lo fẹ́ lọ rí. Bí wọ́n bá ti bò ó mọ́lẹ̀, ìgbà wo lo tún fẹ́ rí i?"

Ẹ gbọ́ o, òótọ́ ọ̀rọ̀ lèyí. Ẹnu kò yún ẹni tó ń sọ ọ́, kò ní èrè kankan níbẹ̀. Mùjídàt náà ti jáde, ó ti so ìró mọ́ àyà, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ bá wọn lọ. Bó bá ṣí, èmi fúnra mi á gbé aṣọ tẹ̀ lé yín." Kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n Saifudeen ń rí ara rẹ̀ tó ń wọ agbo ilé wọn lọ́wọ́ òfo, tí gbogbo ẹbí ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé nǹkan kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ gbé fún un kó tọ́jú, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni kò jẹ́ kó rí i mú wá, ọmọ Alágádágodo! Ojú tì í ṣáájú kó tó débẹ̀ rárá. Bó ṣe rí lára rẹ̀ ni pé bí aṣọ náà bá dé, á dà bí ẹni pé òun ò lọ rí.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni," ó ní. "Màá ṣí i."

Mátíù mi orí. Kò lọ. Ó bọ́ aṣọ àdúrà rẹ̀, ó fi í kọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Saifudeen fi iná ìdáná yan kọ́kọ́rọ́ náà títí ó fi ń jó o lọ́wọ́, ó tì í bọ ilẹ̀kùn awakọ̀. Òrí náà yọ́ díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wọlé sí i, inú rẹ̀ dùn. Ó yí i. Kò yí. Ó tún un yan, ó tún un tì, ó wọlé tán pátá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Mátíù ní, "Rọra, rọra!" Saifudeen ti yí i. Ó gbọ́ tó dún kẹ́. Ìdajì kọ́kọ́rọ́ ló kù sí i lọ́wọ́, ìdajì tó kù wà nínú ilẹ̀kùn.

Mátíù wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.

Saifudeen jókòó sórí ilẹ̀. Ẹkún ń bọ̀, kò jẹ́ kó jáde. Ọwọ́ wàràwàrà. Ó gbọ́ ọ bí ẹni pé bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lórí ìṣó nínú yàrá. Bàbá ló gé e, ní ọ̀sẹ̀ kan kí ìjà tó dé, fún ọkọ̀ tí Saifudeen ṣẹ̀ṣẹ̀ san àsansílẹ̀ rẹ̀ nígbà náà. Kò lò ó rí. Ó ní kí Mùjídàt mú un wá, kó sì gbé omi kaná.

Wàyí o, ó wá ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó ki aṣọ ìnura bọ omi gbígbóná, ó fún un, ó fi lé ojú ihò búùtù, ó dì í mú níbẹ̀. Bó bá tutù, á tún un kì bọ omi. Mátíù ki ìyẹ́ adìyẹ bọ kẹrosíìnì, ó ń fi fọ ihò náà díẹ̀díẹ̀. Òrí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde, dúdú, ó kún fún eruku. Kò sí ẹni tó lè kán irú iṣẹ́ yẹn lójú. Ìka Saifudeen bó, kò mọ̀. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti kọ́kọ́rọ́ tí bàbá rẹ̀ gé bọ̀ ọ́, ó fi ìka méjì yí i bí ẹni yí etí ọmọ, búùtù sì ṣí. Ọ̀rá náà wà níbẹ̀, ó dojú bolẹ̀, bó ṣe jù ú sí.

Ó gbé òkúta, ó fọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ilẹ̀kùn kò ṣí láti inú, ó gba ojú fèrèsé wọlé. Mùjídàt na ọwọ́ aṣọ náà sí i, ó gbé e lé itan. Ọkọ̀ dáhùn. Ó lọ.

Ọ̀nà náà kò ṣe é wò. Ìkùukùu ọyẹ́ bò ó, ọkọ̀ àjàgbé ń yọ láti inú rẹ̀ bí ilé tó ń rìn. Ibi tí ó yẹ kó ti sáré, kò lè sáré. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú gíláàsì tó fọ́ wọlé, ó ń nà án ní ojú, omi ń jáde lójú rẹ̀, ó sì ń wí fún ara rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ni. Ní Odò Ọbà ni Marufat tún pè.

"Bọ̀dá, ibo lẹ dé? Wọ́n ti wẹ̀ wọ́n tán. Ààfáà ní òkú kì í dúró de alààyè."

"Sọ pé kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Marufat, bẹ̀ wọ́n. Aṣọ wà lórí itan mi."

"Bọ̀dá mi, ẹ gbàgbé aṣọ, ẹ ṣáà ti máa bọ̀! Kí ẹ rí ojú wọn ni, Bọ̀dá."

Wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n tún fi márùn-ún lé e. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò dúró.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú ló já sí ẹ̀yìn Ọjà Igbó, níbi tí agbo ilé wọn wà. Ó kọ́kọ́ rí àwọn ọkùnrin tó ń bu omi fọ ọwọ́. Ó rí ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ti ara ògiri. Ó bọ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó di aṣọ mọ́ àyà, ó sáré gba àárín èèyàn kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Òkìtì erùpẹ̀ pupa ló bá níbẹ̀, ó ṣì tutù, wọ́n ti fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rẹ́gírẹ́gí. Shamsudeen dúró tì í, erùpẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Òun ló sọ̀kalẹ̀ sínú sàréè láti gba bàbá.

Saifudeen kúnlẹ̀ níwájú Ààfáà. "Ẹ ṣí i fún mi. Ẹ dákun, sà. Ojú wọn nìkan. Èmi ni àkọ́bí. Ẹ jẹ́ kí n rí ojú wọn."

Ààfáà Abdulkareem jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá náà láti kékeré. Ojú rẹ̀ pọ́n. "A kì í ṣí sàréè, ọmọ mi. Bàbá rẹ ti wà lọ́wọ́ Ẹni tó ni ín. Ṣe àdúrà fún un."

"Líkáfánì wọn rèé! Wọ́n ní èmi ni kí n fi wé wọn!"

Kò sẹ́ni tó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Marufat ló wá, ó fà á dìde, ó mú un wọ inú ilé, lọ sí yàrá tí bàbá kú sí. Ibẹ̀ ṣófo, wọ́n ti ká ẹní. Eruku ọyẹ́ bo ilẹ̀ yàrá láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí ẹní wà.

"Ẹ jókòó," Marufat ní. Òun náà jókòó sílẹ̀. "Mo fẹ́ sọ fún yín láàárọ̀, ẹ pa fóònù. Bàbá ò nílò aṣọ yẹn. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ní kí Shamsu ra òmíràn sílé, kí ó má lọ di pé ẹ ò sí nítòsí. Òun la fi wé wọn."

"Kí ló dé tí wọ́n fi pè mí nígbà náà?"

"Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pè yín. Mo ní kí wọ́n sọ fún yín pé ara wọn ò yá. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, 'Mo mọ ọmọ mi. Bí mo bá ní ara mi ò yá, á fi oògùn ránṣẹ́. Bí mo bá ní kó gbé aṣọ mi wá, á rò pé mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun ni. Ìbínú ni yóò gbé e wá. Kó ṣáà ti wá. Bó bá dé, màá bẹ̀ ẹ́.'"

Saifudeen ò lè gbé orí sókè.

"Nígbà tí ẹ ní ọ̀la, wọn ò gbà á gbọ́," Marufat ń wí. "Wọ́n ní ẹnu lásán lẹ fi sọ ọ́, pé ẹ máa wá kó tó di alẹ́. Wọ́n ní ká gbé ẹní wọn kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní rárá. Mo ní, 'Bàbá, òtútù á pa yín.' Wọ́n ní, 'Ẹ má ti ilẹ̀kùn. Saifu ń bọ̀.' Gbogbo òru la fi ṣí i sílẹ̀, Bọ̀dá. Bó ṣe ń fẹ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wúkọ́."

Àkànjí Alágádágodo nìyẹn o, ẹni tó fi ogójì ọdún kọ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Saifudeen wo eruku ilẹ̀ yàrá náà. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a jọ díẹ̀díẹ̀, ó sì sunkún níkẹyìn, ó sunkún bí ọmọdé, Marufat di orí rẹ̀ mú.

Nígbà tó jáde, oòrùn ti mú. Àwọn èèyàn ti ń tú ká, wọ́n ń kí i ní ẹ kú àfẹ́kù, ó ń dáhùn, kò mọ ẹni tó ń dá lóhùn. Aṣọ náà ṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó rìn lọ sídìí ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ tí bàbá rẹ̀ gé nínú àpò, ó tì í bọ búùtù.

Ó yí wẹ́rẹ́. Oòrùn ti yọ́ ìyókù òrí náà, ó ń ṣàn sísàlẹ̀ lára páànù, ó kan ìka rẹ̀ tó bó. Saifudeen tẹ́ aṣọ náà síbẹ̀ dáadáa, ó tún etí rẹ̀ ṣe, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú búùtù ní ṣíṣí, kò lè pa á dé.